Jìtá Bàbá Kékeré: Bí A Ṣe Lè Tún Ohun Àtijọ́ Ṣe Láì Pa Ohùn Rẹ̀

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ètò kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ òní, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí lẹ́nu mi ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, tàbí ìtàn bí ìjọba ṣe kó àwa òṣìṣẹ́ láti Èkó wá sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Mo ti sọ ìyẹn títí, etí yín ti kún. Ọ̀rọ̀ jìtá ni mo mú wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí mo bá parí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé kálukú wa ni.

BÍ JÌTÁ NÁÀ ṢE DÉ ỌWỌ́ MI

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ta jìtá nínú ẹgbẹ́ olórin jùjú ní Ìbàdàn fún ọdún tó lé ní ogún. Kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwo. Ẹ̀yìn ọ̀gá olórin ló máa ń dúró sí, tí yóò máa fi jìtá dá ọ̀gá lóhùn láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ níbi ìnáwó. Irú wọn ló pọ̀ jù nínú orin wa, àwọn ni ìpìlẹ̀ tí ilé dúró lé lórí.

Ní ọdún 1974 ló ra jìtá kan ní Èkó, Fender Stratocaster, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Àlòkù ni. Ó ta ilẹ̀ kan láti fi san owó rẹ̀, bàbá mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin náà tú ká, Bàbá Kékeré padà sí iṣẹ́ télọ̀, jìtá sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọdún 2017 ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó ní kí n fa ohun kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikán ti jẹ àpótí jìtá náà tán, irin ìdè rẹ̀ nìkan ló kù. Àdìrẹ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ni ó fi wé jìtá. Ó ní, "Ìwọ lo ní sùúrù nínú wọn. Má jẹ́ kó yadi."

Mo gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn, a gba Lọ́kọ́ja dé Àbújá. Nígbà tí a fi wáyà so ó mọ́ áńpílífáyà, ohùn mẹ́ta tó yẹ kó ní ò pé. Ọ̀kan ń dún kedere. Ọ̀kan ń dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ọ̀kan dákẹ́ pátápátá.

OHUN TÍ À Ń PÈ NÍ PÍKỌ́Ọ̀PÙ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà níbí. Píkọ́ọ̀pù tí mo ń sọ kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu láti Gwagwalada o. Etí jìtá ni. Jìtá oníná tí inú rẹ̀ kò ní ihò kò lè dún jìnnà fúnra rẹ̀. Igi lásán ni. Lábẹ́ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n to àwọn òòfà kéékèèké mẹ́fà sí, wọ́n wá wé wáyà bàbà yí wọn ká. Wáyà yìí tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, wọ́n sì ń wé e ní ọ̀nà bíi 7,500. Bí okùn bá gbọ̀n lókè òòfà, iná kékeré kan yóò sáré nínú wáyà náà. Áńpílífáyà ni yóò sọ iná kékeré yẹn di ohùn ńlá. Ìmọ̀ tí Michael Faraday gbé jáde ní ọdún 1831 náà ni, òun kan náà ló wà nínú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé wa.

Ní ọdún 1932 ni Rickenbacker ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta jìtá tó ní irú etí yìí. Kò pẹ́ kó tó kan àwa náà. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè mú jìtá oníná wọ inú orin jùjú. Ẹ rò ó wò: lásìkò yẹn gan-an ni gángan ń wọ inú jùjú. Bí jìtá ò bá ní iná, ta ni yóò gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan? Píkọ́ọ̀pù ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ sọ̀rọ̀ lójú agbo kan náà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé ọ̀dọ̀ Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, títí tí àwo Juju Music tí Sunny Adé ṣe ní ọdún 1982 fi gbé ohùn jìtá Yorùbá dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí jìtá àtijọ́ nílé bàbá yín, ẹ má pè é ní pákó.

ÀṢÌṢE MI

Ibi tó dùn mí ni mo dé yìí. Bàbá Kékeré ń fóònù mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?" Mo mọ̀ pé àkókò rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ìkánjú bá mi. Mo gbé jìtá náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún irinṣẹ́ orin ṣe. Kò fi mítà wò ó. Ó kàn gbọ́ ọ, ó ní, "Bàbá, àwọn wọ̀nyí ti kú. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ dànù, ká fi tuntun sí i." Ó tún ní kí n jẹ́ kí òun fi irú tó fẹ̀, tó ní wáyà méjì, sí i, kí ó má baà máa kùn. Ìyẹn ni èyí tí Seth Lover ṣe fún ilé iṣẹ́ Gibson ní ọdún 1955; ọ̀nà tí wọ́n gbà wé wáyà méjèèjì máa ń pa kíkùn iná mọ̀nàmọ́ná. Ṣùgbọ́n ó ní láti fi síṣù gbẹ́ ara jìtá kí ó tó lè wọlé. Mo kọ̀. Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni mo fi kọ̀ ọ́. Owó rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọlọ́run ló fi àìlówó gba igi náà lọ́wọ́ mi.

Ó fi mẹ́ta tuntun tó bá àyè wọn mu sí i. Mo san owó, mo gbé jìtá mi, n kò béèrè àwọn ti àtijọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pe Bàbá Kékeré. Ọmọ aládùúgbò mi ta jìtá náà sínú fóònù, orin jùjú àtijọ́ kan tí bàbá fẹ́ràn. Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ń ké dáadáa. Ṣùgbọ́n ta nìyẹn?"

Mo sọ fún ara mi pé fóònù ni kò jẹ́ kó gbọ́ dáadáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Nínú agolo tí wọ́n ń kó àwókù sí, mo rí méjì. Ẹ̀kẹta, èyí tó dákẹ́, ọmọ iṣẹ́ kan ti tú wáyà rẹ̀, ìyókù sì ti bá pàǹtírí lọ. Àwa méjèèjì la jẹ̀bi: òun kò wò ó dáadáa, èmi kò béèrè. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n fa nǹkan lé lọ́wọ́, ẹ̀bi mi ló tóbi jù.

Bàbá Kékeré lọ sílé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Kò gbọ́ ohùn jìtá rẹ̀ mọ́.

OHUN TÍ MÍTÀ SỌ

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019, àyè wá ṣí sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ iná, wá kí mi. Mo gbé àwọn píkọ́ọ̀pù méjèèjì jáde nínú agolo bisikíìtì. Ó fi mítà wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan fi nǹkan bíi 5,900 ohm hàn, èkejì fi 5,700 hàn. Ó wò mí, ó ní, "Dádì, kò sí ohun tó ṣe àwọn wọ̀nyí."

Mo ní, èyí tí ọ̀fìnkìn mú ńkọ́? Ó tú ẹ̀yìn jìtá wò. Ibi tí wọ́n ń yí láti pààrọ̀ ohùn ti dípẹtà, ìdọ̀tí sì wà nínú àwọn kọ́ńtíróòlù tó ń mú ohùn lọ sókè sódò. Ó fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ irinṣẹ́ iná sí i, ó yí i síwá sẹ́yìn nígbà púpọ̀, ó tún sọ́dà kan tó ti yẹ̀ jó. Ọ̀fìnkìn lọ. Ẹni tí imú rẹ̀ dí ni wọ́n fẹ́ sin láàyè!

Níbẹ̀ náà ni ó fi nọ́ńbà kan hàn mí lẹ́yìn kọ́ńtíróòlù: 1377223. Ó ní 137 ni àmì ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe é, 72 ni ọdún 1972, 23 sì ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún náà. Ẹ wò ó, ìwé ìbí jìtá wà lára ohun tí ẹlòmíràn ìbá yọ dànù nítorí pé ó dípẹtà.

Mo wá béèrè nípa ẹ̀kẹta tó ti lọ. Ó ní wáyà inú rẹ̀ ló já, nítorí ọ̀rinrin àti òógùn ọwọ́ máa ń jẹ ẹ́. Òòfà rẹ̀ kò kú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ìbá tún wáyà wé yí òòfà àtijọ́ yẹn ká. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí mọ́tò omi bá jóná, a kì í ju irin rẹ̀ nù. A ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wé wáyà. Ìlànà kan náà ni, àfi pé ti jìtá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó ń fẹ́ ọwọ́ tó rọ̀ àti ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Èyí tí mo rò pé ó kú ló ṣeé jí.

A dá àwọn méjì àtijọ́ padà sí àyè wọn. Àárín ni àyè ṣófo, a sì fi ọ̀kan nínú àwọn tuntun síbẹ̀. Ó ní ìdí tó fi jẹ́ ti àárín gan-an ni a mú: wọ́n wé wáyà rẹ̀ ní ìdàkejì, wọ́n sì yí òòfà rẹ̀ padà, kí kíkùn lè kú bí òun àti ọ̀kan nínú àwọn yòókù bá jọ ń dún. Láti mọ̀ bóyá òòfà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn àtijọ́ lóòótọ́, kọ́ńpáàsì kékeré tí aládùúgbò mi fi ń wá kíbúlà ni a yá. Lókè àwọn àtijọ́, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjú síbì kan. Lókè èyí tuntun, ó yí padà. Lẹ́yìn náà a fi etí gbọ́ ọ bóyá ohùn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ tàbí wọ́n ń jà. Wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Àlejò náà sì gbà láti bá onílé gbé.

Nígbà tí ó ta okùn àkọ́kọ́, mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn àgbà tó wà níbí á mọ ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀.

ILÉ FÚN JÌTÁ

Ohun tó ní ohùn gbọ́dọ̀ ní ilé. Àpò tí mo kọ́kọ́ rí rà ní ọjà Wuse kò nípọn ju aṣọ òtútù lọ. Ó dára fún ọmọdé tó ń lọ sí kíláàsì orin, kò dára fún jìtá tó ń bá ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Àpótí líle láti òkè òkun ńkọ́? Owó ọkọ̀ òfúrufú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpótí fúnra rẹ̀.

Ni mo bá lọ sí Kugbo, ní ọ̀nà Nyanya, níbi tí àwọn káfíńtà tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì pọ̀ sí. Mo gbé jìtá náà dání, mi ò fi ìwọ̀n ẹnu ṣiṣẹ́. Káfíńtà tẹ́ ẹ sórí páálí, ó fi bírò fa ìlà yí i ká. Láti orí dé ìdí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Pláíwúùdù ló fi ṣe àpótí, ó fi fóònù pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ibi tí ọrùn yóò sùn sí. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí àpótí bá ṣubú, ọrùn ni ohun tó máa ń kọ́kọ́ dá. Ọrùn ló yẹ kí ìrọ̀rí gbé. Orí kò gbọ́dọ̀ kan nǹkan kan.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó le ni a gé sínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ pé kí fóòmù àti rọ́bà má fara kan jìtá, nítorí wọ́n máa ń jẹ fáńìṣì àtijọ́ bí ó bá pẹ́. Nítorí náà, a fi àrán pupa bo gbogbo inú rẹ̀. Àdìrẹ ìyá wa, tó ti dáàbò bò ó láti ọjọ́ pípẹ́, ni a tẹ́ lé e lórí.

Ẹ̀yin tó ń gbé Àbújá mọ ọyẹ́ wa. Ó ń la ètè, ó ń la igi. Ní oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, mo máa ń fi kànìnkànìn tí mo rẹ, tí mo sì fún dáadáa, sínú ike ọṣẹ tí mo lu ihò sí lára, mo gbé e sí igun àpótí níbi tí kò ti ní kan jìtá. Bí òjò bá dé, mo yọ ọ́ kúrò, mo fi àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí bàtà, rọ́pò rẹ̀. N kò sì gbé àpótí náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ikán kò mọ olówó.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÚ LỌ

Ọ̀dọ́ kan lè bi mí pé, "Bàbá, ṣé àwọn àyàn kì í pààrọ̀ awọ gángan ni? Kí ló dé tí ẹ ń dààmú nítorí wáyà?" Ìbéèrè rere ni. Awọ gángan dà bí okùn jìtá: ohun tí à ń pààrọ̀ ni, ó wà fún lílò. Ṣùgbọ́n kò sí àyàn tí yóò ju igi ìlù bàbá rẹ̀ nù nítorí pé awọ rẹ̀ ya. Kí á mọ èyí tó jẹ́ awọ àti èyí tó jẹ́ igi, níbẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

N kò sọ pé kí á má fi tuntun sí ohun àtijọ́. Tuntun kan wà nínú jìtá Bàbá Kékeré lónìí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Jìtá tí kò dún nítorí pé a bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án, òun náà ti yadi. Ohun mẹ́rin ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ rántí.

Èkíní, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Mítà kékeré kan ìbá gba ohùn mẹ́ta là.

Èkejì, ohun tí ẹ bá yọ, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́, kí ẹ fi pamọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti yọ ọ́ sí i lára. Ohun tó kú lónìí lè rí oníṣègùn lọ́la.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò ní lè tú. Sọ́dà ṣeé yọ́. Igi tí a bá ti gbẹ́ kò ṣeé dá padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wá ilé fún un kí ìjàǹbá tó dé. Àpótí Kugbo kò wọ́n tó ọrùn jìtá tó dá.

Ẹ̀yin ará ilé, jìtá nìkan kọ́ ni mo ń sọ o. Maṣíìnì ìránṣọ ìyá yín ńkọ́? Grámófóònù bàbá yín, kámẹ́rà, ìlù tó wà ní òkè àjà? Ẹ lọ wò wọ́n kí ó tó di pé àwọn ọmọ wa yóò máa gbọ́ ohùn tó dára, tí wọn ò sì ní mọ ohùn ta ni.

Jìtá náà wà nínú àpótí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi yìí. Bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yóò ta á fún yín. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Kékeré níbikíbi tó bá wà pé mo ti mọ ẹni tí í ṣe.